Orí pípá kì í ṣe èpè!

Ẹ̀yin ará mi ní Ìwáràjà, Iléṣà àti Òṣogbo, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá ń ta òróró ìhù-irun fún yín, tó ní èpè ilé bàbá yín ló pa yín lórí, irọ́ ló ń pa! Èlíṣà jí òkú, ó mú irin léfòó, síbẹ̀ apárí ni wọ́n pè é nínú 2 Àwọn Ọba 2.

Ìran ló ń fà á, ti bàbá tàbí ti ìyá. Òògùn wà: minoxidil tí wọ́n ń fi pa orí, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1988, àti finasteride oníhóró, 1997. Lílò ó kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ṣebí ẹ̀ ń lo awò ojú ka Bíbélì?

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Finasteride lè dín agbára ọkùnrin kù lára àwọn kan. Aboyún ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó fọ́. Ẹ máa ya fọ́tò orí yín lóṣooṣù, níbì kan náà. Ó lè tó oṣù 4 sí 6 kẹ́ ẹ tó rí ìyàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì dáwọ́ dúró, irun á tún máa re.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá kí irun tó hù, ẹ bi í: oṣù mélòó? Fọ́tò dà? Ọlọ́run wa kì í sá fún ẹ̀rí.