Ọ̀ràn Tó Kọjá Ẹkún: Ohun Tí Fíìmù Xala Kọ́ Àwa Obìnrin

Àwọn àgbà ló sọ pé ọ̀ràn tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Lóṣù yìí, fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan ni a fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń rò, ṣùgbọ́n tí ẹ kì í fẹ́ sọ síta: bí baálé bá wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan, tó ní òun fẹ́ fẹ́ ìyàwó mìíràn, kí ni ẹni tó wà nílé mọ̀ nípa owó tí yóò fi fẹ́ ẹ?

Xala ni orúkọ fíìmù náà. Ousmane Sembène, ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ló kọ ọ́ ní ìwé ìtàn àròsọ ní ọdún 1973. Òun náà ló sì sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 1975. Ọmọ apẹja ni. A bí i ní Ziguinchor ní 1923, ó ṣe iṣẹ́ aláàárù ní èbúté Marseille ní ilẹ̀ Faransé, kó tó di òǹkọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn. Nígbà tó rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn òun kò lè ka ìwé tí òun fi èdè Faransé kọ, ó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Moscow, kí ẹni tí kò kàwé lè fi ojú rí i, kí ó sì fi etí gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí èdè Wolof fi ń jáde lẹ́nu àwọn òṣèré Xala, tí Faransé sì dà pọ̀ mọ́ ọn bó ṣe rí ní ìgboro Dakar. Sembène kú ní ọdún 2007, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kú.

Dakar jìnnà sí Mákùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń rí àpò obì gbàǹja tí wọ́n ń dì ní Ṣágámù kò ní í ka ìgbéyàwó ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl sí àjèjì, nítorí obì ni àwọn náà ń pín ní mọ́ṣáláṣí nígbà tí wọ́n bá so yìgì tán. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí obì bá tán láwo kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ìlú kan sí èkejì.

El Hadji Abdoukader Beye ni ọkọ inú ìtàn náà. El Hadji yìí ni àwa ń pè ní Alhaji. Oníṣòwò ńlá ni, ìyàwó méjì ló sì ní nílé. Kò tó o. Ó tún fẹ́ N'Gone, ọmọdébìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí ti Rama, ọmọ El Hadji fúnra rẹ̀ tó wà ní yunifásítì. Mọ́tò wà lára ẹ̀bùn ìyàwó. Ní alẹ́ ìgbéyàwó, àǹtí ìyàwó ní kí ọkọ jókòó lórí odó, kí ó fi ọmọ odó sí àárín ẹsẹ̀, kí nǹkan lè lọ déédéé. Ó kọ̀, ó ní ọ̀làjú ènìyàn ni òun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀làjú ènìyàn ti di akúra! Àwọn obìnrin dé ní òwúrọ̀ pẹ̀lú àkùkọ adìyẹ láti wá wo aṣọ ìbálé, aṣọ kò sì ní ìròyìn kankan láti jẹ́. Àìlera yìí gan-an ni àwọn Wolof ń pè ní xala.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Baba ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti ọ̀dọ̀ àlùfáà kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ọ̀kan wò ó sàn, ó sì kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún un. Nígbà tí wọ́n gbé ṣẹ́ẹ̀kì dé báńkì, kò sí owó nílẹ̀; ni àlùfáà bá dá àìsàn padà fún ẹni tó ni ín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ sílẹ̀ díẹ̀, kí a wo àwọn obìnrin. Ìyáálé ni Adja Awa Astou. Nínú ìwé náà, ọmọ ìdílé Kátólíìkì ni. Ó fi ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọkọ. Nígbà tí Rama ní kí ó kọ ọkọ náà, ìbéèrè tí ìyá bi ọmọ ni pé ta ni yóò fẹ́ òun, bí kò ṣe ẹni tí yóò fi òun ṣe ìyàwó kẹta tàbí ẹ̀kẹrin. Ìyàwó kejì, Oumi N'Doye, fẹ́ràn irun àtọwọ́dá àti oge, ó ń béèrè owó, ó sì ń ka ọjọ́ tí ó kàn án. Rama nìkan ló kojú bàbá rẹ̀. Ó sọ pé òpùrọ́ ni gbogbo ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀, bàbá sì gbá a létí. Nígbà mìíràn, Faransé ni bàbá ń sọ sí i, Wolof ni ó fi ń dá a lóhùn; omi inú ìgò láti òkè òkun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, kò mu ún.

Níbo wá ni owó ìgbéyàwó ti wá? Ìrẹsì ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù (100), tó yẹ kó jẹ́ oúnjẹ fún àwọn tí ọ̀dá ń dà láàmú, ni El Hadji tà sápò ara rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọwọ́ àwọn náà kò mọ́, lé e jáde. Gbèsè dé, àwọn agbófinró dé. Oumi kó àga àti ẹrù ilé sínú ọkọ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó lọ. Àwọn ará ilé N'Gone ní àwọn kò ṣe mọ́. Ìyáálé nìkan ló kù, ilé rẹ̀ sì ni àwọn alágbe wọ́ wá. Afọ́jú kan láàárín wọn ló sọ àṣírí: òun ló fi xala ṣe El Hadji, nítorí pé ó fi èrú gba ilẹ̀ ìdílé wọn nígbà kan. Níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ ni El Hadji ti bọ́ra sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tutọ́ sí i lára kí ó lè rí ìwòsàn. Ẹni tó ti ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò pa ẹnu mọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ohun tó gba àwọn ìyàwó wọ̀nyí lọ́kàn ni ìgbà tí ó kan oníkálukú àti iye tí yóò kàn án. Bí owó ṣe ń wọlé kò yé wọn títí tí àwọn agbófinró fi kanlẹ̀kùn. Orogún kọ́ ló tú ilé náà. Àìmọ̀ àti èrú ni. Nítorí náà, kí tọkọtaya jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n kọ ohun tó wọlé, ohun tó jáde àti gbèsè tó wà nílẹ̀ sínú ìwé. Bí ẹ bá dá owó sí ilẹ̀ tàbí ilé, kí orúkọ yín wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹ má fi òwò yín sílẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Ìyá tó ní owó ẹ̀kọ́ ọmọ lápò kò ní í gbọ̀n bí ewé nígbà tí ìròyìn bá dé.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa akúra. Nínú ìtàn ni ó ti jẹ́ èpè. Nínú ilé yín, ó lè jẹ́ àmì àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí kí ìdààmú ọkàn fà á. Ẹ má fi ọkọ ṣẹ̀sín, ẹ má sì gbé e lọ sọ lójà. Ẹ rọ̀ ọ́ kí ó lọ rí dókítà.

Àwa náà ní irú iṣẹ́ yìí. Ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, di fíìmù Ìjà Òmìnira ní 1979. Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1974 sì di fíìmù lọ́wọ́ Túndé Kèlání ní 1997. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó wo fíìmù. Bí ẹ bá sì rí Xala, ẹ jẹ́ kí ọkọ jókòó tì yín. Ẹ má fi sọ òkò ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹ jọ rẹ́rìn-ín, nígbà tí ẹ̀rín bá sì rọlẹ̀, kí ẹ rọra béèrè pé: “Bàbá ọmọ mi, kí ni a ní, kí ni a jẹ?”

Ó di oṣù tó ń bọ̀ o.