Bí Wọ́n Bá Mú Yín Lọ sí Oko Àjàrà ní Ìlú Òyìnbó

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú Òyìnbó, pàápàá àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀, ẹ kà á sí i létí lórí fóònù.

Inú ẹni tó dé ibi tí kò mọ èèyàn máa ń dùn bí àwọn ará ibi iṣẹ́ bá ní, “Tẹ̀lé wa lọ́jọ́ Sátidé, ká jọ lọ sí oko àjàrà.” Ẹ má kọ̀ ọ́. Ìdánìkanwà nínú òtútù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ọtí ló ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Ẹlòmíì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹlòmíì lóyún tí kò tíì fẹ́ kí wọ́n mọ̀, ẹ̀sìn ẹlòmíì kò gbà á. Wọ́n á máa rò ó pé bí àwọn ò bá mu, wọn ò ní pe àwọn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú oko Denbies ní Dorking, lápá gúúsù London. Ọdún 1986 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àjàrà síbẹ̀, ó sì tó éékà 265. Ẹfun ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà, omi òjò kì í dá rogún sórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àjàrà sì fẹ́ ẹ. Ìlà gbọọrọ ni wọ́n gbìn ín sí, wáyà ló gbé e dúró bí a ṣe ń fi igi gbé ìtàkùn iṣu. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni wọ́n sábà máa ń ká a nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, kí ẹ sì mú aṣọ òtútù dání, kódà bí oòrùn bá ràn láàárọ̀.

Lẹ́yìn ìrìn oko ni ìtọ́wò. Wọ́n á bu wáìnì díẹ̀díẹ̀ sínú gíláàsì, oríṣi bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà. Garawa kékeré kan sábà máa ń wà lórí tábìlì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nílé wa, bí ẹnì kan bá bu ẹmu fún yín, tí ẹ tu ú dànù lójú rẹ̀, ìwọ̀sí ńlá ni, ó lè dìjà. Lóko àjàrà, torí kí èèyàn lè tu ú ni wọ́n ṣe gbé garawa síbẹ̀. Àwọn tó ń fi ìtọ́wò jẹun gan-an, títu ni wọ́n ń tu ú. Ẹ yí i káàkiri ẹnu, ẹ tẹríba, ẹ tu ú síbẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bínú.

Àmọ́ títu kò kó gbogbo rẹ̀ jáde o. Aláboyún ò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án. Ẹni tó ń lo Flagyl náà ń kọ́, kó yẹra fún un títí di ọjọ́ méjì lẹ́yìn tó bá lò ó tán, torí èébì àti kí àyà máa lù kìkì. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti alátọ̀gbẹ tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo glibenclamide. Ọtí lè fa ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀ ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tó mu ún. Yóò máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á máa lọ́, àwọn ọ̀rẹ́ tuntun á sì máa rẹ́rìn-ín pé wáìnì ti pa á. Tí ẹ bá wà nínú irú wọn, ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, ẹ fi súìtì sápò, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nínú wọn pé alátọ̀gbẹ ni yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí wọ́n bá bu mílílítà 50 lẹ́ẹ̀mẹfà, 300 nìyẹn. Bí wáìnì náà bá le tó 12 nínú 100, mílílítà 36 ògidì ọtí lẹ gbé mì. Mílílítà 10 ni àwọn Òyìnbó ń pè ní yúníìtì kan, ẹ̀dọ̀ sì ń lo nǹkan bíi wákàtí kan lórí ẹyọ kan. Kọfí ò lè sáré sí i, omi tútù ò lè ṣe é. Láti ọdún 2016, àwọn àgbà dókítà ìjọba ibẹ̀ ti ní kí ọkùnrin tàbí obìnrin má kọjá 14 lọ́sẹ̀ kan.

Nítorí náà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó ń ti Waterloo àti Victoria lọ sí Dorking. Òfin ìwakọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò fàyè gba ju mílígíráàmù 80 ọtí nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀; ní Scotland, láti ọdún 2014, 50 ni. Nọ́ọ̀sì tí kóòtù bá dá lẹ́bi gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í mu ún rárá, ẹ má pa ìtàn gígùn. “Ẹ ṣeun, èmi ò mu ọtí” ti tó, kí ẹ béèrè omi èso àjàrà. Tí ìwé ìwakọ̀ àti ìnṣọ́ránsì bá sì gbà yín láyè, ẹ ní ẹ̀yin lẹ máa wa ọkọ̀ padà sílé. Ẹ̀yin ni wọ́n á kọ́kọ́ pè nígbà mìíràn.