Gíga Ilẹ̀ Lójú Odò: Ohun tí Máàpù Kọ̀ǹpútà Lè Sọ àti Èyí tí Kò Lè Sọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò gbà fún un. Ìlú Ìbàdàn mọ ìtumọ̀ òwe yìí dájú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì gba ẹ̀mí tó lé ní 100. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún gba ẹ̀mí tó lé ní 100. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé nílùú náà.

Kí a tó gbẹ́ ojú odò, kí a tó ṣe afárá tàbí kí a tó sàmì sí ilé tó dí ọ̀nà omi, a gbọ́dọ̀ mọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó ní gbogbo ibi tí odò náà gbà kọjá. Lóde òní, inú kọ̀ǹpútà ni a ti ń kọ́kọ́ wá ìdáhùn. Ó yẹ kí ará ìlú mọ bí a ṣe ń rí i, nítorí ilé àti ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lo rédà láti wọn gíga ilẹ̀ láti ojú ọ̀run. Máàpù tó ti ibẹ̀ jáde, tí a ń pè ní SRTM, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó pín ilẹ̀ sí àpótí onígun mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí mítà 30, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló sì wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan: gíga ibẹ̀. Ẹni tí ń lo QGIS yóò fa ìlà tọ odò, yóò to àmì sórí ìlà náà ní àlàfo tó dọ́gba, kọ̀ǹpútà yóò sì mú nọ́ńbà àpótí tí àmì kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Bí a bá to àwọn nọ́ńbà náà tẹ̀léra, a ó rí bí odò ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Àpótí kan gba ilẹ̀ tó nǹkan bí púlọ́ọ̀tì méjì, bí a bá ka púlọ́ọ̀tì sí ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100. Odò tí kò fẹ̀ ju mítà 10 lọ kò lè dá àpótí ní. Òun, bèbè rẹ̀, òrùlé àti igi ni wọ́n jọ wà nínú nọ́ńbà kan. Ìdí nìyí tí odò fi máa ń dà bí ẹni pé ó ń gun òkè lórí máàpù. Bí a bá to àmì ní mítà márùn-ún márùn-ún, ìmọ̀ wa kò lé sí i. Nọ́ńbà kan náà ni a ó máa kà lẹ́ẹ̀mẹfà. Bí àlàfo bá sì tó mítà 100, a ó fo àwọn àpótí kan kọjá.

Èyí tó léwu jù ni ti ipò ìlà náà. Ọ̀pọ̀ máàpù àtijọ́ wa ni a wọ̀n láti ibùdó tó wà ní Minna, nígbà tí SRTM ń tẹ̀lé ìwọ̀n àgbáyé. Bí a kò bá yí ìwọ̀n padà, ìlà odò lè yẹ̀ tó nǹkan bí mítà 100. Ó tó nǹkan bí àpótí mẹ́ta! Ilé tí omi kò dé rí lè bọ́ sójú odò lórí máàpù, kí ilé tó wà nínú ewu sì hàn bí ẹni wà lórí òkè.

Èrò wa ni pé kí a fi nọ́ńbà wọ̀nyí mọ odò tí ó yẹ kí àwọn awọnlẹ̀ kọ́kọ́ lọ wò, kí a má fi wọ́n nìkan dá ilé ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Kí ìwé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ máàpù tí a lò, ọdún rẹ̀, ìwọ̀n àpótí rẹ̀ àti ibùdó tí a ti wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí. Bí awọnlẹ̀ bá sì dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ jẹ́ kí ó wọlé, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ ni yóò fi ìdí òtítọ́ múlẹ̀.