Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba: Ẹ Dáàbò Bo Iyanrìn àti Ìgbì Etíkun Lighthouse

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó,
Sí Mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun ní Àbújá,
Sí gbogbo ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin aṣíwájú wa,

Àwa tí a kọ ìwé yìí ni àwa tí a ń fi pátákó gun ìgbì ní Tarkwa Bay àti ní etíkun Lighthouse. A kì í fi ẹsẹ̀ kan omi láìkọ́kọ́ dúró wo ojú òkun, ohun tí a sì ń rí níbẹ̀ ló mú wa wá bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òfin dáàbò bo iyanrìn etíkun yìí, kí ẹ sì fi àwọn adóòlà ẹ̀mí ṣọ́ ọ. Iyanrìn náà ló ń fún wa ní ìgbì tó dára, òun náà ló sì ń dá ọ̀nà tí omi ń gbà gbé èèyàn lọ.

Iṣẹ́ ìjọba wà lára ohun tó sọ etíkun yìí di bó ṣe rí. Láti ọdún 1908 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ńláńlá sínú òkun ní ẹnu ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọ èbúté Èkó láìfara gbá iyanrìn. Ní etíkun wa, láti ìwọ̀ oòrùn ni omi ti ń gbá iyanrìn lọ sí ìlà oòrùn. Nígbà tí òkúta dí i lọ́nà, iyanrìn kó jọ sí ìwọ̀ oòrùn, ní Lighthouse. Ebi iyanrìn wá ń pa Bar Beach ní òdìkejì, òkun sì jẹ ilẹ̀ tó ju kìlómítà kan lọ níbẹ̀. Gbogbo Èkó ló mọ iye owó àti wàhálà tí ọ̀rọ̀ Bar Beach kó bá wa. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fọwọ́ kan iyanrìn níbì kan, òkun lè gba gbèsè rẹ̀ níbòmíràn.

Ọ̀nà jíjìn ni ìgbì tó ń fọ́ sí Lighthouse ti ń bọ̀. Ìjì tó ń jà ní gúúsù òkun Atlantic ló ń bí i, ó sì máa ń rin ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti May sí September ni agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Ní àsìkò ọyẹ́, ìgbì a rẹlẹ̀, atẹ́gùn ilẹ̀ a máa fẹ́ jẹ́jẹ́ kò ó lójú láàárọ̀, ojú omi a sì dán. Ìgbà náà ló dára jù fún ọmọ tó ń kọ́ bí a ti ń dúró lórí pátákó. Tó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn òkun a dé, gbogbo rẹ̀ a sì dàrú.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, níbi tí àpáta wà lábẹ́ omi, orí àpáta ni ìgbì ti ń fọ́. Ṣùgbọ́n iyanrìn nìkan ló wà lábẹ́ omi ní Lighthouse. Òkìtì iyanrìn inú omi ló ń mú kí ìgbì gbérí, kó sì máa fọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì, tí èèyàn fi lè gùn ún. Bí wọ́n bá wa iyanrìn náà lọ fún iṣẹ́ ilé, inú omi a jìn lójijì, ìgbì a wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní etí bèbè, a sì máa gé ilẹ̀ lọ. Eré wa bàjẹ́ nìyẹn, ilé àwọn apẹja náà sì wà nínú ewu.

Láàárín òkìtì kan àti èkejì ni ikú tún máa ń lúgọ sí. Omi tí ìgbì gbé wá sí etí òkun gbọ́dọ̀ padà, ojú ọ̀nà tó jìn láàárín àwọn òkìtì ló sì ń gbà padà pẹ̀lú agbára. Ibẹ̀ ni ìgbì kì í fọ́ púpọ̀, nítorí náà ó máa ń jọ ibi tó tòrò jù lójú àlejò, ibẹ̀ náà ló sì máa ń wọ̀. Bí omi bá ń fà á, á fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ padà tààrà sí etí òkun títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á jẹ́ kí omi gbé òun, á wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀. Bákan náà, ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí àwọn ńlá inú rẹ̀ tó tẹ̀ léra dé. Nínú ìsinmi yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọ omi. Òkun kì í sì í pa ẹni tó wọ inú rẹ̀ nìkan: ní August 2012, ó ya wọ etíkun Kuramo ní Èkó, ó sì gba ẹ̀mí. Ìmọ̀ nípa òkun kì í ṣe ti eléré nìkan.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń tọrọ.

Èkíní, kí òfin ka wíwa iyanrìn léèwọ̀ ní Lighthouse àti nínú omi tó wà níwájú rẹ̀. Òfin tó ní kí a yẹ ipa iṣẹ́ ńlá lórí àyíká wò ti wà láti 1992. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò náà máa ka ìrìn iyanrìn àti ìgbì mọ́ ohun tí yóò wò, kí àwọn onímọ̀ òkun ní NIOMR, ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun tó wà ní Victoria Island, sì máa wọn etíkun náà lóòrèkóòrè.

Èkejì, kí ẹ gba àwọn ọ̀dọ́ Tarkwa Bay síṣẹ́ adóòlà ẹ̀mí, kí ẹ kọ́ wọn, kí ẹ sanwó fún wọn, kí ẹ sì fún wọn ní àsíá pupa àti èyí tó pupa tó sì yẹ́lò, kí gbogbo èèyàn lè mọ ibi tó léwu àti ibi tí ojú ń ṣọ́. Kójú má rí ibi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àlejò kò mọ ibi tí yóò sá sí.

Ẹ̀kẹta, kí NiMet, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, àti Radio Lagos máa kéde bí òkun ṣe rí láràárọ̀ ní èdè Yorùbá, Ẹ̀gùn àti pidgin: bí ìgbì ṣe ga tó, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, àti bóyá ó yẹ kí a wọ omi. Apẹja, ọlọ́kọ̀ ojú omi àti òbí tó fẹ́ kó ọmọ lọ sí etíkun ni yóò jọ jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n máa pe àwọn ará etíkun sí ìjókòó kí ìpinnu kankan tó wáyé lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé. Ní January 2020, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò ní Tarkwa Bay, wọ́n sì di aláìnílé lójijì, àwọn ọmọ tó ń gun ìgbì sì wà lára wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Áfíríkà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun ìgbì. Láàárín 1830 sí 1840, James Edward Alexander, ọmọ ogun Britain, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí àwọn ọmọdékùnrin tó ń fi pátákó fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ wá sí etí òkun lórí ìgbì ní Accra. Ní 2021, eré yìí wọ Olympics fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Tsurigasaki ní ilẹ̀ Japan. Àwọn ọmọ wa lè dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí ìgbì bá sì dára, ọlọ́kọ̀ ojú omi, ìyá tó ń dín ẹja àti ẹni tó ń ta àgbọn ló ń rí jẹ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà ọjà yìí. A ti ṣetán láti yọ̀ǹda ara wa fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, láti fi ibi tí omi ti ń fà han àwọn òṣìṣẹ́ yín, àti láti kọ́ ọmọ iléèwé ní lúwẹ̀ẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ pè wá, a ó dé.

Àwa ọmọ yín,
Àwọn tó ń gun ìgbì ní Tarkwa Bay àti Lighthouse, Èkó.