Ọ̀rọ̀ "Native" àti Aṣọ Àwọn Baba Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dùn wá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí Ojúde Ọba bá pé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọ étù, àlàárì àti sányán, tí wọ́n ń yan bọ̀ tìlù-tìfọn, ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa ni pé "native" ni wọ́n wọ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà burú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Inú èdè Látìnì ni ó ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ọmọ bíbí. Láti orísun kan náà ni àwọn Òyìnbó ti rí "nation", èyí tí í ṣe orílẹ̀-èdè, àti "Nativity", orúkọ tí wọ́n fi ń pe ìbí Olúwa wa. Àwa pàápàá sọ ọ́ bákan náà: ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti orísun yìí kan náà ni "naive" ti gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé jáde, èyí tí à ń pe ẹni tí ojú rẹ̀ kò là.

Èwo nínú ìtumọ̀ wọ̀nyí ni àwọn amúnisìn gbé wá fún wa? Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọn ní 1892, "Native Court" àti "Native Authority" ni wọ́n fi joyè lé wa lórí. A kò sì gbọ́ rí kí wọ́n pe kóòtù Lọ́ńdọ́nù ní "Native Court". Àwọn ni "nation", àwa ni "native"!

Ẹnìkan lè bi wá pé, àwọn baba wa ní Èkó kọ́ ha sọ ìjọ wọn ní Native Baptist Church ní 1888, àti United Native African Church ní 1891? Bẹ́ẹ̀ ni, a sì yìn wọ́n, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọmọ onílẹ̀ ni yóò máa darí ìjọ náà. Òfin 1952 sì mú "Native Authority" kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní èdè tiwa, ìjọba ìbílẹ̀ ni a ṣì ń wí, ojú kò sì tì wá.

Tòde òní ni kò tọ́, nítorí ó ń bo orúkọ mọ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan, ẹni tí yóò di olùkọ́ lọ́la, kọ ọ́ nínú àròkọ pé "native" ni baba àgbà òun wọ̀ lọ́jọ́ ìwúyè rẹ̀. A bi í pé irú aṣọ wo? Ó dákẹ́. Nígbà tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ tán, aṣọ olónà ni, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ahunṣọ Ìjẹ̀bú, tí àwọn olóyè àti Òṣùgbó fi ń mọra wọn!

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, níbi tí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ọmọ, ẹ fi kálàmù pupa fà á, kí ẹ sì bi í léèrè orúkọ aṣọ náà.