Ẹ Ṣe Dáì Yín Nílé, Ṣùgbọ́n Ẹ Fún Un Ní Ọjọ́ Méjì

Kò sí ìdí tí ẹni tó fẹ́ kí ewú òun padà dúdú fi gbọ́dọ̀ san owó ṣọ́ọ̀bù fún un. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn onídìrí àti báábà nínú, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ojú ẹni tí owó ń jáde lápò rẹ̀ wò ó. Dáì dúdú tí wọ́n ń lò síni lórí kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí àtẹ lọ́jà: Bigen tàbí Subaru, lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀rá tàbí inú ìgò kékeré, tí a ń fi omi pò. Kò béèrè iná, kò béèrè ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Síbẹ̀, ẹ ó san nínú owó tí lánlọ́ọ̀dù gbà lórí ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ ó sì san nínú epo tí jẹnẹrétọ̀ mu, epo tí owó rẹ̀ ti fò fẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ìjọba ti yọwọ́ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba iye yẹn, tó sì ń ṣe dáì lóṣooṣù, kò sí bó ṣe lè ṣírò ó tí owó ṣọ́ọ̀bù yóò fi bọ́gbọ́n mu.

Lóṣooṣù ni mo wí, nítorí ewú kì í sinmi. Irun orí máa ń gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan láàárín oṣù kan, nígbà tó bá sì fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà, funfun ti yọjú nídìí èyí tí a kùn. Bí ẹ bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo orí ni wọn yóò tún kùn, torí owó gbogbo orí ni wọ́n fẹ́ gbà. Nílé, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí a ti pa tì tó láti fi kun ìdí irun nìkan, níbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Dáì tí yóò lọ sí i kò tó nǹkan, irun tí a kò sì kùn lákùntúnkùn kì í tètè gbẹ tàbí kó máa já. Ní ti ọkùnrin, báábà á gẹ irun tán, á wá béèrè bóyá kí òun fi dáì sí i kí ìlà iwájú orí lè hàn ketekete. Ìbéèrè náà dùn-ún gbọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tó fi kun orí ẹni tó ṣíwájú yín ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn o.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé iṣẹ́ náà ju ọwọ́ ará ilé lọ, kó rántí ìgbà kónílé-ó-gbélé àrùn Kòrónà. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ti ìlú pa ní Èkó àti Àbújá, ṣọ́ọ̀bù onídìrí náà sì tì. Ewú kò tì. Ìyàwó kun orí ọkọ, ọmọ kun orí ìyá, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Àwọn àgbà ṣáà ti sọ ọ́ pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ìpàkọ́ yẹn nìkan ni ibi tí ẹni tó ń ṣe dáì fúnra rẹ̀ ti nílò olùrànlọ́wọ́, ẹni tó ń gbé pọ̀ mọ́ èèyàn kò sì wọ́n nílé Yorùbá.

Ohun tí àwọn tó ń ta kò wá máa ń tẹnu mọ́ jù ni ewu. Wọ́n ní dáì lè wú ojú èèyàn, ó lè bó awọ orí, ó lè pààyàn pàápàá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ewu náà ń gbé nílé, kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Inú dáì ló wà, ibi tí dáì bá sì lọ ni yóò bá a lọ.

Ohun tó ń sọ irun di dúdú nínú ọ̀pọ̀ dáì wọ̀nyí ni kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní para-phenylenediamine, tí wọ́n gé kúrú sí PPD. Ìgbà tí omi bá kan lẹ́búlẹ́bú náà, tí èròjà mìíràn tó wà nínú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ́síjìn sílẹ̀, ni PPD tó máa ń ṣú. Yóò ti wọ inú fọ́nrán irun nígbà tó ṣì kéré. Inú ibẹ̀ ni yóò ti so mọ́ ara rẹ̀, tí yóò tóbi débi pé kò lè gba ojú ọ̀nà tó bá wọlé jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí ṣampú kò fi lè fọ̀ ọ́ dànù. Ìdí nìyẹn náà tí èyí tó ṣẹ́ kù sínú abọ́ kò fi wúlò lọ́jọ́ kejì: iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe nínú irun ló ti ṣe tán nínú abọ́. Ẹni tó bá fi ìdajì dáì tó ti pò pamọ́ nítorí àti ṣọ́wó ná, òfo ló fi pamọ́, bó bá sì dé e pa sínú ìgò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè bẹ́ ìgò náà. Ìwọ̀n tí ẹ ó lò ni kí ẹ pò, inú abọ́ rọ́bà ni kí ẹ ti pò ó, kì í ṣe inú àwo irin.

Kẹ́míkà kan náà yìí ni ara àwọn kan máa ń kọ̀. Kì í sábà jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ara á kọ́kọ́ gbà á mọ́ra, á máa dá a mọ̀ lábẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ kan tí yóò gbéjà kò ó. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé “mo ti ń lò ó tipẹ́, kò ṣe mí rí” kò tíì sọ nǹkan kan. Bí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, títí láé ló sábà máa ń jẹ́. Orí á máa yún, ojú á wú pa, omi á máa sun lára awọ. Bó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀fun á há, ilé ìwòsàn ló kù. Àwọn tí wọ́n ti ya lálì dúdú sọ́wọ́ nígbà ìgbéyàwó rí ni kó ṣọ́ra jù. Ewé ni lálì tòótọ́, pupa rúsúrúsú ló sì ń fi sílẹ̀ lára. Èyí tó dúdú kirimú, dáì irun ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn, awọ tó ti bá PPD pàdé lọ́nà bẹ́ẹ̀ lè ti kọ̀ ọ́ kí olúwarẹ̀ tó mọ̀.

Ọ̀nà kan péré ló wà láti mọ̀ kó tó dé orí. Ẹ pò díẹ̀ nínú dáì náà, ẹ tọ́ ọ sí ẹ̀yìn etí tàbí ibi tí apá ti ń ká, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48. Bó bá yún, bó bá pọ́n, bó bá wú, ẹ da ìyókù nù, kí ẹ sì gbàgbé dáì olóòyì yẹn láyé yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún fẹ́ kùn ún lẹ ó máa ṣe é, nítorí ara tó gbà á lóṣù tó kọjá lè kọ̀ ọ́ lóṣù yìí.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ṣọ́ọ̀bù wo ló ń ṣe àyẹ̀wò yìí? Ẹ ti wọlé, ẹ ti jókòó, ọmọṣẹ́ ti da aṣọ bo èjìká yín, ta ni yóò sọ pé kí ẹ dìde kí ẹ padà wá lọ́túnla? Oníṣòwò tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó wà lójúkojú ni oníbàárà rẹ̀ yóò yà sí. N kò bá wọn wí, bí òwò ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé kò ní ìkánjú òwò nínú. Ẹ lè tọ́ ọ sétí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ kun irun lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹni tó ni orí ló mọ̀ bóyá lálì ti bó òun lọ́wọ́ rí, òun náà nìkan ló sì lè ní sùúrù ọjọ́ méjì nítorí orí ara rẹ̀. Owó tí a ń ṣọ́ ná dára, ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe dáì ní ṣọ́ọ̀bù, n óò ṣì sọ pé kí ẹ ṣe é nílé.

Ẹ̀rù jẹjẹrẹ náà wà nílẹ̀, kò sì yẹ ká fò ó. Lọ́dún 2010, IARC, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbé ìdájọ́ rẹ̀ jáde pé iṣẹ́ onídìrí àti báábà, tí ọwọ́ wọn wà nínú kẹ́míkà lójoojúmọ́, ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Ní ti ẹni tó ń kun irun ara rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rí kò tíì tó láti dájọ́. Ní ìparí ọdún 2019, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí obìnrin 46,709, tí gbogbo wọn ní arábìnrin tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú, fi hàn pé ewu àrùn náà fi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń lo dáì tí kì í ṣí. Lọ́dún 2020, ìwádìí mìíràn lórí nọ́ọ̀sì 117,200, tí wọ́n tọpa wọn fún ọdún 36, kò rí i pé dáì fi kún ewu ọ̀pọ̀ jù lọ irú jẹjẹrẹ, àmọ́ òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn wọ̀nyẹn. Èmi kò rí ìdí láti sá níbẹ̀, mo sì rí ìdí láti dín in kù: ìdí irun nìkan, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù bá ṣì ń bà, kó jẹ́ kí ewú rẹ̀ funfun, ó lẹ́wà bẹ́ẹ̀ náà.

Ó tún ku ibi kan tí mo ti gbà fún onídìrí pátápátá. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí irun wọn di àwọ̀ wúrà bíi ti agbábọ́ọ̀lù, kí wọ́n má dán an wò nílé. Dáì dúdú ń fi àwọ̀ kún irun. Bílíìṣì ń yọ èyí tí Ọlọ́run fi sí i ni, ó sì ń mú lára okun irun lọ. Bí rílásà bá ti kọ́kọ́ kan irun náà, iṣan tó so ó pọ̀ ti rọ̀ tẹ́lẹ̀, bílíìṣì yóò kàn parí rẹ̀ ni. Peroxide ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún àti ti ìdá 12 kì í ṣe ẹgbẹ́, ojú sì lè má mọ ìyàtọ̀ wọn nínú ìgò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ owó ná lórí bílíìṣì, owó fífá orí ni yóò fi san án.

Kí àwọn onídìrí má sì rò pé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò sí nínú ọ̀rá dáì. Ó wà nínú ṣùkú, nínú kọ̀lẹ́sẹ̀, nínú ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè dì fún ara rẹ̀ kó gún régé. Owó tí ẹ bá yọ lórí dáì, ẹ fi kún owó irun dídì. Ọwọ́ onídìrí pẹ̀lú yóò sinmi, nítorí èyí tó pọ̀ nínú wọn kì í wọ ìbọ̀wọ́, dáì sì ti sọ ìka àwọn mìíràn di kíkì egbò.

Lọ́dún 1933, dáì irun ìpéǹpéjú kan tí wọ́n ń pè ní Lash Lure fọ́ ojú àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, ó sì mú ẹ̀mí lọ. Nígbà tí òfin dé lọ́dún 1938, kò ní kí wọ́n má ta dáì irun mọ́. Ó ní kí ìkìlọ̀ wà lára rẹ̀: kí a kọ́kọ́ dán an wò lára awọ, kí a má sì fi kan irun ìpéǹpéjú tàbí irun òkè ojú, torí ó lè fọ́ni lójú. Ọ̀rọ̀ kan náà wà nínú ìwé pélébé tó ń bá dáì wá síbí. Àmọ́ ọ̀rá kan ṣoṣo la máa ń rà lọ́wọ́ oníṣòwò, inú páálí ni ìwé náà ń gbé, èdè tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí ìyá àgbà gbọ́. Ọmọdé náà ń bẹ nínú ilé tí a ń gbé ọ̀rá ọ̀hún lọ. PPD tó bá gba ẹnu wọlé máa ń wú ọ̀fun, ó sì ń ba iṣan àti kíndìnrín jẹ́, àwọn dókítà Sudan àti Íńdíà ti rí i títí ó ti sú wọn.

NAFDAC ló ń forúkọ ohun ìṣaralóge sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Mo ń rọ àjọ náà pé kó má fún dáì kankan ní nọ́ńbà mọ́, àyàfi tí ìkìlọ̀ ọjọ́ méjì bá wà lára ọ̀rá fúnra rẹ̀, lédè Yorùbá, Haúsá àti Ígbò, ní lẹ́tà tí àgbàlagbà lè kà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, títí dìgbà náà, ẹ má ra ọ̀rá tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì ní kí oníṣòwò yọ ìwé inú páálí fún yín kí ẹ tó sanwó.