Ríra Ẹ̀dà Kékeré Ọkọ̀ Ojú Irin: Èrò Tèmi

Ọdún 1901 ni ojú irin Èkó dé Ìbàdàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni orí ọkọ̀ tí ń jẹ èédú, tí ń mu omi, tí ń tú èéfín lálá, fi ń fa èrò àti kòkó lọ sí Èkó. Ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọkọ̀ tí ń ná Èkó sí Móníyà láti ọdún 2021 kì í jẹ èédú. Ẹ̀dà kékeré tí à ń gbé ka orí tábìlì nìkan ni ọmọ àdúgbò wa ní Òkè-Àdó tún lè fọwọ́ kàn. Nítorí náà, n kò bá àwọn tó ń pè é ní ìnákúnàá ṣe.

Ìwọ òǹkàwé mi, bí owó rẹ kò bá pọ̀, èwo ni kí o rà? Àwọn kan yóò ní tuntun ni kò lábùkù. Òótọ́ ni, fún olówó. Ṣùgbọ́n owó tó ra tuntun yẹpẹrẹ lè ra tòkunbọ̀ tó lágbára. Páálí ńlá tó kún fún ọkọ̀ ẹrù a máa wu ojú, bẹ́ẹ̀ orí ọkọ̀ ni ọba wọn. Bí kò bá lè fà, ẹrù lásán ni ìyókù. Gbé e lọ́wọ́ wò, nítorí èyí tó fúyẹ́ jù a máa yọ̀ lórí irin. Bí fèrè rẹ̀ bá ti kán, kò burú, gọ́ọ̀mù ń bẹ. Bí kẹ̀kẹ́ kéékèèké eléyín inú rẹ̀ bá ti sán, dá a padà.

Ní ìrísí nìkan ni ó fi jọ eléèédú. Iná mànàmáná tí kò ju fóòtì 12 lọ ló ń yí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mú ojú irin díẹ̀ àti bátìrì onífóòtì 9 lọ sí ìsọ̀, kí o dán an wò lójú ẹni tó ń tà á. Kí ó rọra gbéra, kó lọ, kó bọ̀, láìkọsẹ̀, láìrùn bí rọ́bà tó ń jóná. Mú rúlà lọ pẹ̀lú: ẹsẹ̀ tí a ṣe fún ojú irin oní-mìlímítà 16.5 kò lè rìn lórí oní-9.

Owó tèmi ti jóná rí. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni, tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe fún fóòtì 120 ni mo sì kì bọ iná tiwa tí í ṣe 230. Kí n tó pe ọmọ mi wá wòran, èéfín ti yọ, kì í sì í ṣe ti èédú. Owó oṣù tíṣà ló lọ bẹ́ẹ̀. Orí ọkọ̀ tí mo padà rà fún un dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, ọkọ̀ ẹrù méjì péré ló ń fà. Ó ṣì ń sáré.